Ìwé aláwòrán àti ìrìn àjò ọmọdé: èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Ìyá Àkànkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Àkànkẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Àlàó, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta ni. Yorùbá ni èmi àti bàbá wọn ń bá ara wa sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ ní ilé ìwé wọn, kí a sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àkànkẹ́ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn gbogbo ohun tí a bá fi Yorùbá bi í. Ní oṣù tó kọjá, mo ra ìwé aláwòrán Yorùbá mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tàwé ní Dùgbẹ̀. Bí mo bá ṣí i síwájú rẹ̀, tí mo ní kí ó pe orúkọ ẹranko tó wà níbẹ̀, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pe ìjàpá, òun náà ni yóò pe àgbò. Àlàó ní tirẹ̀ kì í jókòó gbọ́ ìtàn rárá. Ó ti fa ojú ewé méjì ya, ó sì ti jẹ igun ọ̀kan.

Ohun tó dùn mí jù ni ìrìn tí a rìn lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba. Mo kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, mo rò pé bí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí nǹkan àtijọ́, ìwé yóò máa wù wọ́n í kà. A kò tíì lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀ tí Àlàó fi rí ẹ̀kú egúngún tí wọ́n gbé dúró sínú gíláàsì, ó figbe ta, kò sì dákẹ́ títí a fi dé ibùdókọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ bi mí bóyá a ti lè máa lọ sílé lọ wo kátúùnù. Bàbá wọn ní kí n yé fi owó ọkọ̀ ṣòfò, pé bí wọ́n bá dàgbà wọn yóò fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti la ọ̀nà yìí kọjá, ṣé ìwé ni kí n kọ́kọ́ tẹra mọ́ ni, àbí ìrìn? Ọmọ ọdún mélòó ló sì lè gbádùn irú ibi bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìbejì (Òṣogbo)

Ìyá Àkànkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹkún Àlàó kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ẹ̀kú egúngún tí àgbàlagbà ń yà fún lọ́nà, báwo ni ọmọ ọdún mẹ́ta ò ṣe ní sunkún nígbà tó bá bá a pàdé lójijì?

Àwọn ìbejì tèmi ti pé ọdún márùn-ún. Ohun tí mo ti rí lára wọn ni pé ilé tí wọ́n bá ti kó nǹkan sínú gíláàsì kì í ṣe ti ọmọ kékeré. Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè sáré, tí ọwọ́ ti lè kan nǹkan, ni tiwọn. Igbó Ọ̀ṣun ni mo máa ń mú wọn lọ ní tèmi. Àjọ UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n sí ni odò, igi ńlá, ọ̀bọ àti àwọn ère tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pamọ́ sínú àpò tí ẹ dì dáadáa o, nítorí àwọn ọ̀bọ yẹn kì í tọrọ kí wọ́n tó gbà.

Kí a tó kúrò nílé, nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kí wọ́n bá mi wá. Lọ́jọ́ kan ó lè jẹ́ ère tó na ọwọ́ méjèèjì; lọ́jọ́ mìíràn ó lè jẹ́ ewé tó tóbi ju orí wọn lọ. Bí wọ́n bá ti rí i, ìrìn ọjọ́ náà ti parí, a ó ra àkàrà, a ó sì gba ilé lọ. Wákàtí kan ti tó. Ní ti ìwé, èmi kì í ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún wọn rárá. Àwòrán ni a jọ ń wò, ohun tí ẹnu wọn bá sọ ni ìtàn. Ẹ kàn má mú wọn wá ní oṣù keje tí a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, èrò a máa pọ̀ jù.

Tíṣà Àgbà (Modákẹ́kẹ́)

Mo kí yín o. Bàbá Ìbejì, oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí, kì í ṣe oṣù keje, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbé Òṣogbo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn yín lórí nǹkan kan ṣoṣo dára púpọ̀. Ọ̀rọ̀ pé ẹ kì í ka ohun tó wà nínú ìwé ni n kò fara mọ́. Ọmọ tí a kò bá ka gbólóhùn tó gún régé fún kò ní mọ bí gbólóhùn tó gún régé ṣe ń dún, nítorí Yorùbá tí a ń sọ lójú ọjà àti nínú ọkọ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá tí a fi ń pìtàn. Ẹ wo àwòrán, ẹ sọ̀rọ̀ lé e lórí bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ojú ewé kejì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní àdúgbò wa níbí, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's A, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọ́n tún ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Mo ń sọ èyí nítorí òbí tó ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí ọmọ òun lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ tún ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀yin òbí nìkan ni iṣẹ́ náà wà báyìí.

Ìyá Àkànkẹ́, ìwé kọ́ ló ṣáájú, ìrìn náà kọ́. Ẹnu ni. Bí Àkànkẹ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn, ẹ má bá a wí, ẹ má sì díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́; ẹ fi Yorùbá tún ohun tó sọ sọ, kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé Yorùbá ló sọ. Ní alẹ́, kí wọ́n tó sùn, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ pa àlọ́ kan fún wọn láìlo ìwé. Ìjàpá tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà mẹ́wàá, wọn kò tún ní pe orúkọ mìíràn fún un nínú àwòrán.

Ìyá Fàtímọ̀ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Èmi ò ní mú ọmọ tèmi lọ sí igbó Ọ̀ṣun, nítorí mùsùlùmí ni wá, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ ibi tí wọ́n bá ti ń bọ òrìṣà. N kò fi bẹ́ẹ̀ kọ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Àkànkẹ́ mọ̀ ni pé ibi mìíràn tí a lè kó ọmọ lọ pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. A máa ń gun Olúmọ níbí, a sì máa ń fi ihò àpáta han àwọn ọmọ, pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn fara pamọ́ sí nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ rò ó pé ẹ̀yin ni ẹ ó pọn Àlàó gun àtẹ̀gùn náà, kí ẹ sì wọ bàtà tí kì í yọ̀.

Adìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìwé aláwòrán bí ẹni pé inú bébà nìkan ni àwòrán wà. Ìyá yín tàbí ìyá ọkọ yín ò ha ní adìrẹ ẹlẹ́kọ kankan nínú àpótí? Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà sí i, òpó ní ìtòsí òpó, wọ́n wá ń ya ṣíbí sí àárín wọn. Àwọn ìyá Ìbàdàn gan-an ló mọ̀ ọ́n yà, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láti fi ọwọ́ yà á, nígbà tí àwa níbí sábà máa ń fi páànù tí a gé àwòrán sí lára tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún, yóò funfun. Kò sí ọmọ tó lè fa ojú ewé rẹ̀ ya.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n rí àwọn orí idẹ olókìkí wọ̀nyẹn, ẹ kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀.

Ọmọ Èkìtì (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ jẹ́ kí èmi tó wà lókè òkun náà dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ń jà nítorí ìrìn àti ìwé. Àwa níbí, ìwé pọ̀, ìrìn pọ̀, Yorùbá ni kò sí. Ilé ìkàwé àdúgbò wa ń yá ọmọ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin mi ọlọ́dún márùn-ún lè gbé mẹ́wàá wálé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìwé Yorùbá tí mo rí níbẹ̀ kò ju èyí tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé. Nítorí náà, mo ṣe ohun tí ó ṣeé ṣe kí Tíṣà Àgbà má fẹ́. Mo ra àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà fẹ́ràn, mo kọ Yorùbá sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ bo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ àwòrán. Ìwé tí a rà ni o, kì í ṣe ti ilé ìkàwé. Ọdún méjì rèé tí a ti ń kà á bẹ́ẹ̀.

Mo ta ko Bàbá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ gíláàsì. Nínú British Museum, tí a kì í sanwó láti wọ̀, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà nínú gíláàsì, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Ọmọ mi dúró síwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wo ìlà tó gba ojú náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bi mí bóyá ìlà bàbá mi àgbà ni. Mo dá a lóhùn pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ìlà yẹn jẹ́. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, omijé ni. Gbogbo ọ̀nà wa sílé ni a fi jiyàn lórí rẹ̀, Yorùbá ni a sì fi jiyàn náà. Bí ọmọ bá mọ ẹnì kan tó jọ ohun tó wà nínú gíláàsì, gíláàsì kò ní dí i lọ́wọ́.

Tíṣà Àgbà (Modákẹ́kẹ́)

Ọmọ Èkìtì, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yín dùn mọ́ mi nínú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo ń sá fún ni kí a túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá Fàtímọ̀, ẹ gbà mí láyè kí n tún un ṣe kí obìnrin náà má baà wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí kò yẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ló wà ní Ilé-Ifẹ̀. Èyí tó wà nínú ọgbà Yunifásítì jẹ́ ti ẹranko, kòkòrò, òkúta àti ewéko, ọmọdé sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí orí idẹ àti orí amọ̀ wà níbẹ̀ wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ẹni tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ti Yunifásítì.

Ayàwòrán (Yábàá, Èkó)

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán sínú ìwé ọmọdé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé mẹ́ta tí Ìyá Àkànkẹ́ rà, nítorí mo fura pé ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

Ìwé ọmọ ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ páálí. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi pín-ìn-nì mú láàárín kò lè pẹ́ lọ́wọ́ Àlàó, kò sì yẹ kí a bá a wí nítorí rẹ̀. Ẹnu ni ọmọ ìgbà yẹn fi ń mọ nǹkan. Ẹ wá ṣí ìwé náà kí ẹ wo àmì ohùn. Bí òǹtẹ̀wé bá kọ ọkọ sí abẹ́ àwòrán bọ́ọ̀sì láìsí àmì, ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà kò ní mọ̀ bóyá ọkọ ìyá rẹ̀ ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Àgbàlagbà lè fi òye gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sì ju ìwé náà sílẹ̀ kí ojú má baà tì í. Mo ti bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tó sọ fún mi pé àmì ohùn ń gba àyè lójú ewé. Ó bí mi nínú títí di òní. Ẹ tún wo ohun tó wà nínú àwòrán náà: bí ilé inú rẹ̀ bá ní ihò èéfín lórí òrùlé, tí yìnyín sì bo ilẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yọ kúrò tí wọ́n fi Yorùbá rọ́pò, ọmọ yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì pe ohun tó ti inú kátúùnù Gẹ̀ẹ́sì mọ̀.

Bí ẹ kò bá rí ìwé tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣe é fúnra yín. Mo gbà pẹ̀lú Ọmọ Èkìtì pátápátá, mo sì fẹ́ kí ẹ kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ má ya ju àwòrán mẹ́fà tàbí méje lọ lórí fóònù, kí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ló yan ohun tí ẹ ó yà. Ẹ tẹ̀ wọ́n jáde ní ilé ìtẹ̀wé àdúgbò, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí tí ẹ gé ní ìwọ̀n kan náà, ẹ lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi okùn so wọ́n pọ̀. Ohun tí Àkànkẹ́ bá sọ nípa àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ má tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ kì í rẹ̀wẹ̀sì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ẹni tó bá máa ń wá sí Èkó lè dé John Randle Centre ní Oníkàn, tí wọ́n kọ́ fún àṣà Yorùbá, lórí ilẹ̀ tí Dókítà Randle kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní ọdún 1928. Ìyẹn dára fún Àkànkẹ́. Ẹ fi Àlàó sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́jọ́ náà.

Àlọ́ àpamọ̀ tí Tíṣà ní kí ẹ máa pa lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gùn díẹ̀, kí orin wà nínú rẹ̀.

Tíṣà Àgbà (Modákẹ́kẹ́)

Ayàwòrán, àlọ́ àpagbè ni orin máa ń wà nínú rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni èyí tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, irú bíi "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò", tí ọmọ yóò ní ẹ̀wà ni. Ẹ lè pa ìyẹn náà fún un nígbà tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, nítorí ìdáhùn wà nínú ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Òṣogbo)

Mo ti gbà, oṣù kẹjọ ni. Ìyàwó mi ti fi mí rẹ́rìn-ín tó. Mo ka ìlà méjì méjì fún àwọn ìbejì lálẹ́ àná gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí, Kẹ́hìndé gbọ́ ọ dé òpin, Táíwò sì ní kí n dákẹ́ kí òun lè ka tòun. Lórí gíláàsì, n kò tíì yí ọkàn padà fún ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ìyá Àkànkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ó yẹ kí n jábọ̀.

Mo ṣí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí Ayàwòrán ṣe wí. Méjì kò ní àmì ohùn kankan, yìnyín sì wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Mo fi wọ́n fún Àlàó kí ó máa jẹ wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo béèrè adìrẹ. Ó ní òun ní Ìbàdàn dùn kan tí òun rà kí wọ́n tó bí mi, pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó gbé e wá, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, Àlàó sùn lé e lórí, ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà náà. Kò lè fà á ya lóòótọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, a wọ ọkọ̀ lọ sí Mápó, pẹ̀lú bàbá wọn tó ní òun kàn fẹ́ sìn wá dé ibùdókọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n wá: òpó inú aṣọ ìyá àgbà. Mo ká aṣọ náà sínú àpò. Mo ti múra láti sọ fún wọn pé ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, ṣùgbọ́n n kò ráyè sọ ọ́. Àkànkẹ́ rí àwọn òpó náà kí a tó gun òkè dé orí, ó sáré lọ gbá ọ̀kan mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Àlàó ń sáré yí òmíràn po títí òòyì fi kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní kí n tẹ́ aṣọ náà, ó wò ó, ó wo gbọ̀ngàn, ó tún wò ó, ó sì fi Yorùbá bi bàbá rẹ̀ léèrè pé, "Dádì, ta ló kó ṣíbí àárín wọn lọ?"

Bàbá rẹ̀ ní bóyá àwọn tó jẹ àmàlà níbẹ̀ ló kó o lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ sí abẹ́ àwòrán kejì nínú ìwé páálí wa. Ojú ewé márùn-ún péré ló ní, nítorí gọ́ọ̀mù tán. Bàbá wọn ti ń béèrè ibi tí a ó lọ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ bi Ìyá Fàtímọ̀ bóyá adìrẹ mìíràn wà tó ní ẹranko, nítorí Àlàó fẹ́ ohun tó ní ìrù.